Bí Ọdẹ́bùnmi Ṣe Ka Ìlú Ilégbénúlé Jáde

Ẹ gbé àga yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà. Iná ti lọ, ẹ̀rọ yín ti dijú, òjò sì ti sé gbogbo wa mọ́ inú ilé. Ẹni tí òjò bá sé mọ́ ọ̀dọ̀ ọdẹ, ìtàn ni yóò jẹ, nítorí ọdẹ kì í ní oúnjẹ méjì.

Ẹ̀yin rò pé ọdẹ ẹnu géètì lásán ni mí. Ẹ máa ń rí mi pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti kùmọ̀ láràárọ̀, ẹ ó ní, "Bàbá Látúnjí, ẹ kú iṣẹ́ o," ẹ ó sì kọjá lọ. Ẹ ò mọ̀ pé èmi yìí náà ni ẹfọ̀n kan gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi nígbà tí mo wà ní géńdé, tó bọ́ ìwo rẹ̀ sílẹ̀ tó sá lọ kí n má baà dá a mọ̀. Ìwo náà wà nílé mi títí dòní. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kó wá wò ó, ṣùgbọ́n kó mú obì dání.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń gbọ́ ariwo yín láti ojú fèrèsé. "Fódà wà nínú fódà, fódà tún wà nínú ìyẹn." Mo bi Mọ́rẹ́nikẹ́ tó jókòó síwájú yìí léèrè pé kí lẹ ń bá jà. Ó ní àṣẹ ni ẹ ń kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, pé kó wọ inú gbogbo fódà, ìyẹn àpò tó ń kó ohun sí, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó dárúkọ ohun gbogbo tó bá bá níbẹ̀, kó sì tò wọ́n lọ́nà tí kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò dé ibẹ̀ rí yóò fi kà á, tí yóò mọ èyí tó wà nínú èyí. Ó ní gbogbo ìgbà ni ti yín ń dàrú. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọmọ mi, Ọdẹ́bùnmi ti ṣe iṣẹ́ yẹn nínú igbó kí wọ́n tó bí ẹni tó bí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà." Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ pé irọ́ ni, àmọ́ wọ́n kọ́ ọ nílé, kò sọ ọ́. Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ gbọ́.

Ọmọ abúlé Òkè-Àfọ̀n ni Ọdẹ́bùnmi, ọmọ ọdẹ ni tìyá tìbàbá. Obìnrin ni, ó sì ń yìnbọn. Ẹni tí ìyẹn bá bí nínú, kó lọ bá àwọn ẹran tó pa rojọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ṣoṣo ló ní, Ọdẹ́kúnlé lorúkọ rẹ̀. Ìyá wọn ni Àṣàbí, opó tó mọ ẹran yan ju gbogbo Òkè-Àfọ̀n lọ.

Àṣà kan wà nílé wọn tí mo fẹ́ kí ẹ fi sétí. Ọdẹ kì í dágbére nílé náà. Bí ọdẹ bá fẹ́ wọ igbó, yóò dìde jẹ́jẹ́, yóò gbé ìbọn rẹ̀, yóò sì yọ́ jáde bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀. Wọ́n ní bí ọdẹ bá dágbére, ẹran á gbọ́. Wọ́n tún ní ẹni tó bá dágbére ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lè máà padà. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá wọn ṣe títí ó fi kú, bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ náà ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àṣàbí ń bu ẹ̀kọ gbígbóná fún Ọdẹ́kúnlé. Kó yíjú padà báyìí, àpótí ìjókòó ti ṣófo. Ẹ̀kọ náà tutù. Ọdẹ́kúnlé kò dé lálẹ́, kò dé lọ́sẹ̀ náà, òjò rọ̀, òjò dá, ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, kò dé.

Láti ọjọ́ náà ni Àṣàbí kò ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ mọ́. Gbayawu ló wà tọ̀sán tòru. Ewúrẹ́ ń wọlé jẹ èlùbọ́, ọyẹ́ ń wọlé fẹ́ iná pa. Ejò kan tiẹ̀ yọjú lọ́jọ́ kan, ó rí bí ilé náà ṣe rí, àánú ṣe é, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn aládùúgbò ní, "Àṣàbí, ti ilẹ̀kùn rẹ, ayé ò dáa." Ó ní, "Ẹni tó jáde kò sọ fún mi pé òun jáde. Bí mo bá tì í, mo ti ti ọmọ mi mọ́ta nìyẹn." Ó ń sùn sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń hú ikọ́, ó ń rù. Ọdẹ́bùnmi wò ó, ó mọ̀ pé ọyẹ́ kan péré ló kù tí yóò pa ìyá òun síbẹ̀. Ó gbé ìbọn, ó gbé àpò, ó di iṣu sísun àti àádùn sínú rẹ̀, ó sì wá ipasẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Òun náà kò dágbére. Àṣà ni.

N kò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ dá yín lágara. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nípa ẹ̀gún kó lọ bi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ léèrè. Ẹ jẹ́ ká bá Ọdẹ́bùnmi ní ẹnu ibodè kan láàárín igbó, níbi tí ipasẹ̀ Ọdẹ́kúnlé wọlé sí tí kò sì jáde. Iwin kan jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Etí-nìkan. Etí ló bò ó láti òkè délẹ̀: etí wà níbi tó yẹ kí ojú wà, etí wà ní ìgbọ̀nwọ́, etí kékeré kan sì jókòó sórí imú rẹ̀, èyí ló fi ń gbọ́ òórùn.

Etí-nìkan ní, "Dúró. Kí ló gbé àbúrò rẹ̀ mì, tí àbúrò náà gbé àbúrò tirẹ̀ mì, tí inú kò sì run ẹnì kankan nínú wọn?"

Ọdẹ́bùnmi ní, "Igbá ni. Igbá ńlá gbé àárín mì, àárín gbé kékeré mì. Bí ìyá mi ṣe ń tò wọ́n sórí pẹpẹ nìyẹn. Ọkùnrin kan wọlé síbí, ó gbé ìbọn lọ́wọ́. Ibo ló wà?"

"Ọlọ́gbọ́n èèyàn kì í fi ìbéèrè lé ìdáhùn lórí báyẹn, àmọ́ ìdáhùn rẹ dùn mọ́ mi," ni Etí-nìkan wí. "Ilégbénúlé ni ìlú wa. Ilé wà nínú ilé, ilé mìíràn wà nínú ìyẹn, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin rẹ wọlé, ó ń lé ẹtu. Kò kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ibí kì í jáde, àfi bí ẹnì kan bá dúró síbi tí mo wà yìí, tó pe ọ̀nà rẹ̀ láti ibodè títí dé ibi tó jókòó sí, láìfo ilé kan ṣoṣo."

"Ta ló mọ ọ̀nà náà?"

"Kò sí. Ọba wa gan-an kò mọ̀ ọ́n. Lọ bá a sọ̀rọ̀, ó jókòó lábẹ́ igi ọ̀hún un nì."

Ọba náà kò ní ojú rárá, Afetíkọ́lé lorúkọ oyè rẹ̀. Amọ̀ tútù kún iwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń mọ. Ọdẹ́bùnmi kúnlẹ̀, ó sọ ohun tó gbé e wá. Ọba ní, "Ìlú mi ń bí ilé bí ewúrẹ́ ṣe ń bímọ. N kò mọ ohun tí mo ń jọba lé lórí, n kò mọ ibi tí ìyá mi wọ̀ sí pàápàá, ó sì ń dùn mí. Ka ìlú náà sí mi létí, èmi ó fi amọ̀ mọ ohun tí mo bá gbọ́. Bí ìlú amọ̀ bá bá ìlú gidi mu, èéfín yóò yọ nínú ààrò rẹ̀ kéékèèké, ìwọ yóò sì mọ ọ̀nà èèyàn rẹ, kí o pè é, kí ẹ máa lọ. Bí kò bá bá a mu, ìwọ náà á di ọmọ ìlú mi."

Ọdẹ́bùnmi kọ́kọ́ fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín. Ó wọ ilé ẹfun, ó bá ilé ìkòkò nínú rẹ̀, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbé inú ìkòkò, tí wọ́n ń gbé ọmọrí sókè díẹ̀ láti fi kí àlejò. Nínú ìkòkò tó tóbi jù, ó bá ilé oníyọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kì í sunkún nítorí omijé ń yọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Nínú ilé oníyọ̀, ó bá ilé abẹ́rẹ́, tó rí tóóró, tí ọkùnrin kan tó gùn tó sì tín-ín-rín dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó na ọwọ́ sí i. Ó ní, "Obìnrin, má sín o. Ẹni tó bá sín níbí, ilé wó nìyẹn." Ọdẹ́bùnmi di imú mú, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin náà kọjá, òkùnkùn kò jẹ́ kó rí ẹlòmíràn níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ba ilẹ̀kùn kékeré kan lẹ́yìn, ó ṣí i. Ta ló bá níbẹ̀? Etí-nìkan ni.

Etí-nìkan ní, "Àlejò, káàbọ̀. Kí ló gbé àbúrò rẹ̀ mì?"

Ìgbà náà ni ọkàn Ọdẹ́bùnmi rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó bá ń rìn nínú ilé tó tún ń ṣí padà sí ẹnu ibodè, títí ayé ni yóò máa rìn. Ó jókòó sílẹ̀, ó tú àpò rẹ̀ pé kí òun kúkú jẹun. Bó ṣe ń tú u ni ìyá arúgbó kan yọ, tó gbé ilé rẹ̀ sẹ́yìn bí ìgbín, tó ń wọ́ lọ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, òórùn àádùn ni mò ń gbọ́ yìí?" Ọdẹ́bùnmi ní, "Ẹ gbà, ìyá." Ìyá Oníkarahun jẹ àádùn náà tán, ó lá ọwọ́, ó tún lá ewé tí wọ́n fi dì í. Ó wá ṣẹ́ karahun kékeré kan lára ilé ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e fún un.

Ó ní, "Ohun tí o bá sọ sínú karahun yìí ni yóò lọ ṣe. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í purọ́, kì í gbàgbé. Àmọ́ kò ní làákàyè. Ohun tí o kò bá sọ, kò ní ṣe é, ìbáà ṣe ohun tí ọmọ ọwọ́ mọ̀."

Mọ́rẹ́nikẹ́ ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn. Kí lo wí? Ẹ gbọ́ ohun tó wí: ó ní ibi tí ẹ ń kọ àṣẹ sí nínú kọ̀ǹpútà, karahun náà ni òyìnbó ń pè é, ṣẹ́ẹ̀lì. Ta ló wá ń purọ́ nínú wa báyìí? Ẹ jẹ́ kí n máa lọ.

Ọdẹ́bùnmi gbé karahun sẹ́nu, ó ní, "Wọlé. Dárúkọ gbogbo ohun tí o bá rí." Ó lọ gbé e kalẹ̀ níwájú ọba. Karahun wọlé fìrì, orúkọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ẹ̀wà tí àpò rẹ̀ já. Ìkòkò, iyọ̀, ewúrẹ́, abẹ́rẹ́, ìtẹ́ ọba, ata, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ọba ń mọ, ó ń mọ, ohun tó mọ kò sì yàtọ̀ sí òkìtì ààtàn. Obìnrin kan wà nínú ìlú náà tó ń jẹ́ Jókòó Lẹ́bàá Ààrò. Ọba mọ Jókòó, ó mọ Lẹ́bàá, ó mọ Ààrò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tó ni ẹní. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé karahun kò padà. Ó gba ilẹ̀kùn ilé abẹ́rẹ́ jáde sí ibodè, ó tún wọlé, ó tún ń dárúkọ ìkòkò kan náà, àfìgbà tí Ìyá Oníkarahun fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu.

Ọba rẹ́rìn-ín títí amọ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọmọbìnrin, òkìtì lo kà fún mi. Ta ló wà nínú ta? Mo rẹ́rìn-ín ti èyí. Bí o bá tún ṣe é, n kò ní rẹ́rìn-ín."

Ọdẹ́bùnmi padà sí ẹ̀bá ibodè, ó ronú bí ọdẹ. Ọdẹ tó bá rí ipasẹ̀ ara rẹ̀ níwájú mọ̀ pé òun ti ń yípo nìyẹn. Èmi gan-an ti tẹ̀lé ipasẹ̀ kìnnìún kan rí, títí mo fi rí i pé kìnnìún ló ń tẹ̀lé tèmi. Mo yíjú padà mo bú u, ó tọrọ àforíjì. Ọdẹ́bùnmi gbé karahun sẹ́nu lẹ́ẹ̀kejì, ó ní:

"Bí o bá dé ẹnu ilé, ké àgò, kí o pe orúkọ ilé náà. Fi òwú di orúkọ kọ̀ọ̀kan lórí àti nídìí, kó má baà já sọ́nà. Ohun tí kì í ṣe ilé, dárúkọ rẹ̀ kí o kọjá. Èyí tó bá jẹ́ ilé, wọ inú rẹ̀, kí o sì ṣe gbogbo ohun tí mo wí yìí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí o bá ti rí ipasẹ̀ ara rẹ, dárúkọ rẹ̀, má wọ̀ ọ́."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀? Kò to àṣẹ ilé kan lé ti òmíràn lórí. Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́, ó wá ní kí karahun máa tún un ṣe nínú ilé gbogbo tó bá bá. Ìlú ìbáà tóbi tó òkun, àṣẹ náà tó o.

Karahun wọlé. "Àgò, ilé ẹfun. Àgò, ilé ìkòkò." Ọba ń mọ ilé, ó ń mọ òmíràn sínú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ tí kò sí bẹ̀rẹ̀ sí í le. Agbo ewúrẹ́, tí gbogbo ìlú mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ilé ẹfun ló wà, ti bọ́ sínú ilé abẹ́rẹ́. Ọjà ti bọ́ sínú agbo ewúrẹ́. Nígbà tí karahun dákẹ́, tó padà wá, ọba fọwọ́ kan amọ̀ náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wá ara rẹ̀. Ó rí ìtẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, nínú àwo omi ewúrẹ́. Èéfín kankan kò yọ.

Ọba béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé inú àwo omi ewúrẹ́ ni mo ti ń jọba láti ọjọ́ yìí?" Àwọn ìjòyè rẹ̀ yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, èjìká wọn ń mì. Ọba kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìkòkò kékeré kan tó ní ọmọrí, ó gbé e síwájú Ọdẹ́bùnmi. Ó ní, "Ilé rẹ nìyí. Ka ìlú mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún rí báyìí, wọlé, kí o fi ọmọrí dé ara rẹ."

Ọdẹ́bùnmi padà sí ibodè. Ó ro ti ìyá rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń dúró de ọmọ kan, tí kò mọ̀ pé méjì ni òun ń dúró dè báyìí. Ó sọ fún Ìyá Oníkarahun pé, "Ìyá, kí ni mo gbàgbé? Mo ní kó wọlé, ó wọlé. Mo ní kó ké àgò, ó ké e ní gbogbo ilé."

Ìyá Oníkarahun ní, "Mo gbọ́ ọ nígbà tó ń wọlé. N kò gbọ́ ọ nígbà tó ń jáde."

"Ó jáde, ìyá. Ṣebí òun lẹ rí lọ́wọ́ mi yìí."

"Èmi rí i nítorí mo ní ojú. Ọba kò ní ojú. Ẹni tó ké àgò wọlé tí kò sì dágbére, inú ilé ló ṣì wà lójú ẹni tó ń fi etí gbọ́. Ohun gbogbo tó bá sọ lẹ́yìn náà, inú ilé yẹn ló ti ń sọ ọ́. Kí ló dé tí o kò ní kó dágbére?"

Ọdẹ́bùnmi ní, "Ọdẹ kì í dágbére nílé wa." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ. Ó rí ẹ̀kọ tó tutù, ó rí àpótí ìjókòó tó ṣófo. Ìyá rẹ̀ ni ó rí nígbà náà gẹ́gẹ́ bí ọba yẹn: ẹni tó gbọ́ pé ọmọ wọlé ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ pé ó jáde, tí ilé ayé rẹ̀ sì dàrú láti ọjọ́ náà, tí ohun gbogbo tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọdẹ́bùnmi sunkún. Ẹ̀rù sì ń bà á pẹ̀lú, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí bàbá bàbá rẹ̀ sọ pé ó ń pa ọdẹ ni wọ́n ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, nínú igbó àwọn iwin, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà nínú wọn. Bó bá sọ ọ́, ó lè pa Ọdẹ́kúnlé. Bí kò bá sọ ọ́, ìkòkò ọlọ́mọrí ń dúró.

Ó nu ojú. Ó gbé karahun sẹ́nu, ó tún gbogbo àṣẹ ìṣáájú sọ, ó wá fi èyí kún un: "Bí o bá sì ti parí gbogbo ohun tó wà nínú ilé kan, pe orúkọ ilé náà, kí o sọ fún un pé ó dàbọ̀, kí o tó padà sí ibi tí o ti wọ̀ ọ́ wá."

Karahun wọlé. "Àgò, ilé ẹfun. Àgò, ilé ìkòkò. Ọmọrí. Ata. Àgò, ilé oníyọ̀." Ọwọ́ ọba ń wọnú amọ̀ lọ pẹ̀lú àgò kọ̀ọ̀kan, ilé ń bọ́ sínú ilé. Ó gbọ́ ilé abẹ́rẹ́, ó gbọ́ ọkùnrin tín-ín-rín, ó gbọ́ ẹtu kan, ó gbọ́ Ọdẹ́kúnlé. Ó gbọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, karahun kò sì wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ohun tí kò gbọ́ rí dé: "Ó dàbọ̀, ilé abẹ́rẹ́. Ó dàbọ̀, ilé oníyọ̀. Ó dàbọ̀, ilé ìkòkò. Ó dàbọ̀, ilé ẹfun." Ọwọ́ ọba ń jáde díẹ̀díẹ̀ bí karahun ṣe ń jáde, títí ó fi dé gbangba. Ìgbà tí karahun ké àgò ní agbo ewúrẹ́, ẹ̀gbẹ́ ilé ẹfun ni agbo náà bọ́ sí.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, tí "ó dàbọ̀" tó kẹ́yìn ti bá àgò àkọ́kọ́ pàdé, èéfín tín-ín-rín kan yọ nínú ìlú amọ̀ náà, òmíràn tẹ̀lé e, òórùn iṣu sísun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ilé tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ. Ọba fi ìka wá ìtẹ́ rẹ̀, ó rí i nínú ilé kékeré kan tó mọ níwọ̀n. Ó tún fọwọ́ kan ẹ̀yìn ògiri wò, ìka rẹ̀ dúró. Ó ní, "Yàrá ìyá mi rèé. Ẹ̀yìn ògiri mi ló wà láti ọjọ́ yìí, mo sì ń sọ pé wọ́n ti fi mí sílẹ̀ lọ." Inú rẹ̀ bàjẹ́, inú rẹ̀ sì dùn, ó ní kí wọ́n wá mú òun lọ síbẹ̀ kíá.

Ọdẹ́bùnmi kò dúró wo ìyẹn. Ó sáré lọ sí ẹnu ibodè, ó pè é láìfo ọ̀kan: "Ilégbénúlé, ilé ẹfun, ilé ìkòkò, ilé oníyọ̀, ilé abẹ́rẹ́, Ọdẹ́kúnlé!"

Ọdẹ́kúnlé yọ, ó gbé ẹtu sí èjìká, ó fi ọwọ́ kejì di imú mú. Bó ṣe fi ẹsẹ̀ kan ibodè ló sín, gbogbo ògiri Ilégbénúlé sì mì jìgìjìgì. Ó ní, "Háà. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀ ni wọn ò jẹ́ kí n sín. Bùnmi, kí lò ń wá kiri? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé láàárọ̀ yìí náà ni. Àbí ẹ̀kọ mi ti tutù?"

Ọdẹ́bùnmi ní, "Ó ti tutù, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ó wá yíjú padà, ó ní, "Ẹ̀yin Etí-nìkan, ẹ̀yin Ìyá Oníkarahun, ó dàbọ̀ o."

Ọdẹ́kúnlé fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde. Ohun burúkú kankan kò ṣẹlẹ̀. Gbogbo etí tó wà lára Etí-nìkan ló nà gbọn-ọn. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣọ́ ibodè náà, ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti kí òun nígbà tí wọ́n ń wọlé. Kò sí ẹni tó kí òun rí nígbà tó ń jáde.

Wọ́n délé. Mo lè sọ ẹkún ayọ̀ tí Àṣàbí sun fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ní ìyá, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó fọwọ́ pa orí ọmọ rẹ̀, ó yan ẹtu, wọ́n jẹ, wọ́n yó. Ìgbà tó tó àkókò oorun, Ọdẹ́bùnmi dìde láti ti ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ ní, "Fi í sílẹ̀."

"Ìyá mi, ṣebí ó ti dé."

"Ó ti dé. Yóò tún jáde láìsọ, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ó tún tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn, ọyẹ́ ń fẹ́ lù ú. Ọdẹ́kúnlé gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ẹní tirẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére náà fún un lójú ọ̀nà, ó sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni.

Ilẹ̀ mọ́. Àṣàbí ń bu ẹ̀kọ. Ọdẹ́kúnlé ti gbé ìbọn, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró síbẹ̀. Ó wo igbó, ó wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Òógùn bò ó lójú láàárọ̀ kùtùkùtù, ọkùnrin tó ti kojú ìkookò. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á.

Ó ní, "Ìyá mi, mo ń lọ sígbó o. Ó dàbọ̀."

Àṣàbí gbé igbá ẹ̀kọ kalẹ̀. Ó ní, "Ó dàbọ̀, ọmọ mi. Wàá bá wa láyọ̀." Ó dúró títí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ fi jìnnà. Ó wá rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ẹní kúrò nílẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn náà.

Ẹ wò ó, iná ti dé. Ẹ̀rọ yín ti ń lajú. Ẹ padà sídìí àṣẹ yín, ẹ wò ó bóyá gbogbo àgò tí ẹ ké ló ní ó dàbọ̀ tirẹ̀. Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bá yín sọ, òun gan-an ló mú mi pa ìtàn. Láràárọ̀ lẹ ń wọlé, ẹ ń kí mi dáadáa, Ọlọ́run á bù kún yín. Ìrọ̀lẹ́ wá dé, ẹ ń yọ́ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé Ọdẹ́kúnlé. Èmi Látúnjí, tí ẹfọ̀n bọ́ ìwo sílẹ̀ fún, mo wá dúró ti géètì tí n kò lè tì, mò ń yọjú sí yàrá kọ̀ọ̀kan, mo ń bi àga òfìfo léèrè bóyá èèyàn ṣì wà. Òtútù ń mú mi.

Mọ́rẹ́nikẹ́, ṣé ò ń lọ? Hẹn. Hẹn. Ó dàbọ̀, ọmọ mi.